Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: Ojú-ewé àkọ́kọ́ ìkànnì ọjà wa, bí a ṣe ń kọ ọ́



Ẹ̀kọ́ tí a ó gbé yẹ̀wò ní ìgbà yìí ni ti ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá jù lọ ojú-ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò wí pé, "Kí ni ti íntánẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ àjẹṣẹ́kù?" Ìdáhùn mi ni pé owó yín ni ó wà níbẹ̀. Nínú ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀ wò, mo ti rí "owó ìkànnì" ní apá ìnáwó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí n kì í sábà rí ni owó tí ó ti ipasẹ̀ ìkànnì náà wọlé ní apá kejì ìwé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ẸGBẸ́ KAN

Ẹgbẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn aláró àti àwọn tí ń ta àdìrẹ ni wọ́n, ìyá àgbà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n yá owó láti ra gínì àti aṣọ funfun sílẹ̀ de oṣù Kejìlá, nígbà tí ìnáwó máa ń pọ̀. Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a yọ ₦150,000 nínú owó ẹgbẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò ṣe ìkànnì. Ó ṣe é lóòótọ́, ó sì dára ní ojú. Bí ẹ bá ṣí i, fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ nínú agbádá àti ìró ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tí ọ̀kan ń lọ tí òmíràn ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìkíni Alága, ìlà méjìdínlógún gbáko. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àdìrẹ kankan kò sí lójú-ewé náà àfi èyí tí Ìyá Akápò wọ̀ nínú fọ́tò.

Obìnrin kan, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ń wá aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún ìyá rẹ̀: yáàdì márùn-ún márùn-ún fún ọgọ́ta ènìyàn. Ó rí ìkànnì náà. Kò rí iye owó. Kò rí bí aṣọ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, inú àwòrán ni a sì kọ ọ́ sí, kò ṣe é tẹ̀. Nígbà tí ó dà á kọ sórí ìwé tí ó sì pè é láti òkè òkun, kò lọ, nítorí pé 080 ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, +234 kò sí níwájú. Ó lọ ra aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A kì bá tí mọ̀ rárá bí kì í bá ṣe pé òun fúnra rẹ̀ wá sílé ní ọdún kejì, tí ó yà sí Ìtòkú, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Ìyá Akápò. Yáàdì ọ̀ọ́dúnrún ni ó lọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n yá owó ra gínì sì ń san èlé lórí aṣọ tí ó wà nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Orúkọ ìkànnì, èyíinì ni àdírẹ́ẹ̀sì tí ènìyàn ń tẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi orúkọ ara rẹ̀ àti í-meèlì ara rẹ̀ gbà á. Ọdọọdún ni a máa ń san owó irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó rin ìrìn àjò, kò sí ẹni tí ó san án. Orúkọ náà bọ́, ẹlòmíràn sì mú un. Èmi ni mo yẹ ìwé wọn wò ní ọdún tí a san ₦150,000 náà. Mo rí rìsíìtì, mo rí ìpinnu ìgbìmọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo sì fi ọwọ́ sí i. N kò béèrè pé ta ni ó ni orúkọ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ rà, ǹ bá béèrè pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé ilẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, òun ni ó sì mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí.

BÍ ÈNÌYÀN ṢE Ń KA OJÚ FÓÒNÙ

Ènìyàn kì í ka ìkànnì bí ó ti ń ka ìwé ìròyìn yìí. Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tí ó ti pẹ́ nídìí ìwádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1997 pé nínú àwọn tí òun dán wò, 79 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń fi ojú gbá ojú-ewé tuntun kọjá. 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2006 ó tún fi hàn pé ìlà òkè ni ojú wọn máa ń dúró lé jù, lẹ́yìn náà ni ojú a wá máa sọ̀kalẹ̀ lọ ní apá òsì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyẹn. Lóde òní, lórí fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ti ń wò ó, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà.

Èyí kò yẹ kí ó ya oníṣòwò lẹ́nu. Ẹni tí ń kọjá ní Ìtòkú kì í dúró gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé ìyá aláṣọ kí ó tó béèrè pé, "Eélòó ni?" Aṣọ tí a fi kọ́ síwájú ìsọ̀ ni ó mú un yà. Nítorí náà, ohun tí ó bá hàn lójú fóònù kí oníbàárà tó fi ìka fà á sókè ni iwájú ìsọ̀ wa. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀: ohun tí a ń tà, ibi tí a wà, iye rẹ̀, àti bí òun yóò ṣe rà á.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ tí mo sọ níṣàájú: "Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa. A jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó tayọ, tí ó sì fi ara jìn fún iṣẹ́ tí ó péye àti ìtẹ́lọ́rùn gbogbo oníbàárà." Bí ẹ bá yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò lókè, ta ni ó lè mọ̀ bóyá àdìrẹ ni wọ́n ń tà, tàbí gaàrí, tàbí pósí? Ọ̀rọ̀ tí ó bá bá gbogbo ọjà mu kò ta ọjà kankan. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí:

"Àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ẹlẹ́kọ, oníko àti kàǹpálà. Yáàdì márùn-ún ni ìdìpọ̀ kan. Ẹ wo iye rẹ̀ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. A ń ta ẹyọ kan, a sì ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí láti ìdìpọ̀ ogún sókè: ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo Nàìjíríà àti òkè òkun. Ẹ tẹ ibí yìí kí ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Kò sí ìyìn kankan nínú rẹ̀. Obìnrin Lọ́ńdọ́ọ̀nù yẹn ìbá ti mọ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan pé a lè ṣe iṣẹ́ òun, àti pé bí ayẹyẹ bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun tètè pè kí òun sì bẹ̀ wá.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí "ẹlẹ́kọ, oníko àti kàǹpálà". Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni a fi í ṣe. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára kí a tó rẹ ẹ́. Oníko ni èyí tí a fi ìko dì. Kàǹpálà ni èyí tí a fi àwọ̀ òyìnbó ṣe. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, owó wọn kò sì lè dọ́gba. Oníbàárà tí ó sanwó ẹlẹ́kọ tí a sì fi kàǹpálà ránṣẹ́ sí kò ní padà wá mọ́, yóò sì sọ fún àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a kàn fi àwòrán àdìrẹ sí lára, ti kún ọjà, ó sì pọ́n púpọ̀ ju tiwa lọ. A kò lè bá a du owó pọ́ọ́kú. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ lójú-ewé àkọ́kọ́ yẹn pé ọwọ́ ni a fi ṣe tiwa, kí a sì fi àwòrán hàn án: ọwọ́ ìyá tí ń ya ẹ̀kọ, aṣọ tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí oníbàárà rí i pé aró wọ̀ ọ́ já, nítorí ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣì.

Àwọn aṣáájú wa ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ wọn ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá 1844, ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà óòtù àti àbẹ́là díẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìgbà náà a máa po nǹkan mìíràn mọ́ ọjà wọn. Àwọn kò po ohunkóhun mọ́ tiwọn, ìwọ̀n wọn sì pé. Ìyẹn ni oníbàárà fi mọ̀ wọ́n.

Ọ̀RỌ̀ IYE OWÓ

Orí èyí ni àríyànjiyàn ti máa ń le jù nínú ìpàdé. Ẹ̀rù àwọn kan ni pé bí a bá kọ iye ọjà síta, ẹni tí a jọ ń ta á yóò rí i, yóò sì gé tirẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ iye yín lè rán ọmọ wá bi yín lónìí, oníbàárà tí ó wà ní Kánò tàbí ní òkè òkun ni kò lè rán ẹnikẹ́ni. Bí kò bá rí iye, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé ó wọ́n, tàbí pé ojú òun ni wọn yóò wò kí wọ́n tó dá owó lé e.

Àwọn mìíràn ní owó aṣọ funfun ń yí padà, àwọn kò sì fẹ́ kí a fi iye àná mú àwọn. Èyí ní ojútùú. Ẹ kọ "láti iye báyìí lọ sókè", kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i: "Iye yìí wà títí di ọjọ́ báyìí." Nígbà tí ọjọ́ náà bá kọjá, kí ẹnì kan tí ìgbìmọ̀ yàn wọlé lọ tún un ṣe. Bí a kò bá yan ẹnì kan pàtó, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Mo ti rí ìkànnì tí ó ń kí wa kú ọdún Àjíǹde nínú oṣù Kẹsàn-án.

NỌ́ŃBÀ, FỌ́TÒ ÀTI ÈDÈ

Nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ yọ òdo tí ó wà níwájú, kí ẹ fi +234 rọ́pò rẹ̀: èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 di +234 803. Bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ láti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò lọ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ sọ fún ẹni tí ń ṣe ìkànnì pé ọ̀rọ̀ ni kí ó fi kọ nọ́ńbà náà, kí ó má ṣe é mọ́ àwòrán, kí ó sì jẹ́ pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, fóònù yóò pè. Ó lè fi WhatsApp sí i pẹ̀lú: wa.me ni a ń kọ, a ó fa ìlà gbọọrọ kan, a ó wá kọ nọ́ńbà tí 234 bẹ̀rẹ̀, láìsí àmì àròpọ̀ níwájú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí ó wà lókè, kí ó tún wà ní ìsàlẹ̀.

Nọ́ńbà ta ni? Kí ó jẹ́ síìmù tí ẹgbẹ́ rà, tí a fi orúkọ ẹgbẹ́ gbà. Ẹgbẹ́ tí ó lo nọ́ńbà Akọ̀wé ti fi gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí àpò Akọ̀wé. Bí a bá yan òmíràn nínú ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún, tí ti àtijọ́ sì bínú lọ, ó bá wọn lọ nìyẹn.

Ní ti fọ́tò, ẹ tẹ́ aṣọ sí ibòji ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe yà á lábẹ́ gílóòbù nínú ìsọ̀, nítorí pé iná máa ń yí àwọ̀ aró padà, ọ̀rọ̀ "kì í ṣe èyí tí mo rí nìyí" a sì wá dé. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn hàn lórí aṣọ kí a lè mọ bí ọnà rẹ̀ ṣe tóbi tó. Fọ́tò kan tí fóònù òde òní yà lè tó 3 MB tàbí 5 MB. Mẹ́wàá irú rẹ̀ lè jẹ dátà oníbàárà tó 40 MB kí ó tó rí nǹkan kan, ẹlòmíràn kò sì ní dúró. Kí a dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bí 200 KB. Ẹ bi ẹni tí ń ṣe ìkànnì yín bí ó bá ti ṣe é. Bí ó bá ń kó ọ̀rọ̀ yín nù, ẹ má tíì san owó ìkẹyìn. Fọ́tò àwọn olóyè kò burú, ojú-ewé kejì ni ààyè rẹ̀ wà. Ẹ má sì gbé fọ́tò oníbàárà síta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀: òfin ààbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí àwòrán, nọ́ńbà àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀.

Ní ti èdè, àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó bójú mu. N kò gbà. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún ìyá rẹ̀ kì í bínú sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè má lè kà á, àjèjì tí ó fẹ́ràn àdìrẹ kò sì lè kà á rárá. Ẹ ṣe méjèèjì, kí ibi títẹ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì wà lókè. Ẹ fi àmì sí Yorùbá yín dáadáa. Síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà "adire" láìsí àmì wà níbì kan lójú-ewé náà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá a lórí Google.

TA NI Ó NI ORÚKỌ?

Mo padà sí ibi tí bàtà ti ta mí lẹ́sẹ̀. Orúkọ tí ó parí sí .ng tàbí .com.ng wà lábẹ́ àbójútó NiRA, ẹgbẹ́ tí ń ṣètò orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú tí ó fún ní àṣẹ ni a ti ń rà á. Orúkọ kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwa alájẹṣẹ́kù nìkan ní gbogbo àgbáyé: .coop, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní ẹ̀tọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí ó fi ní iyì. Ó sì lè wọ́n ju.com.ng lọ, nítorí náà kí ìgbìmọ̀ béèrè iye rẹ̀ fún ọdún kejì àti ìkẹta kí wọ́n tó gbà á. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, orúkọ ẹgbẹ́ àti í-meèlì ẹgbẹ́ ni kí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Kí a kọ páswọ́ọ̀dù sínú àpòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí a fi í sínú àpótí owó ẹgbẹ́, kí a sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún yóò tún pé sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Àwọn gbájú-ẹ̀ a máa ṣe àdàkọ ojú-ewé ẹlòmíràn láti fi gba owó. Nítorí náà kí ọ̀rọ̀ yìí wà lójú-ewé àkọ́kọ́ yín pé àkáǹtì tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ nìkan ni a ń gba owó sí, a kì í sì béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi àkáǹtì ara rẹ̀ síbẹ̀ "fún ìgbà díẹ̀", ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìkànnì, ó ti di ti àyẹ̀wò owó.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba orúkọ tuntun. Ìpàdé méjì ni wọ́n fi jiyàn lórí fọ́tò Alága kí wọ́n tó gbà á sí ojú-ewé kejì. Iye owó ti wà níta, Ìyá Akápò ni ó sì yan àwọn aṣọ tí a yà. Gbèsè gínì ti ọdún yẹn, wọn kò tíì san án tán.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ

Kí a ṣí ìkànnì ẹgbẹ́, tàbí ti ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó bá yọ̀ǹda, lórí fóònù kékeré. Kí a fi han ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ wa, kí a ka ení títí dé ẹ̀wá, kí a sì gba fóònù náà. Kí ni ó rí pé à ń tà? Ṣé ó mọ ibi tí a wà? Bí ó bá fẹ́ rà á lónìí, kí ni yóò tẹ̀? Kí Akọ̀wé kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ràn án lọ́wọ́.

Orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé orúkọ ìkànnì wa, ọjọ́ wo sì ni owó rẹ̀ yóò tún pé? Nígbà tí mo bá tún wá yẹ ìwé yín wò, n ó béèrè fún un pẹ̀lú rìsíìtì.